Òkìtì Ààlà Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìsun

Zenaida gbé òkúta kan mọ́ àyà, ó fi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó jù ú sórí àwọn tó ti kó síbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé òmíràn. Ọ̀sán ni. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè tutù débi pé òógùn ń gbẹ lára rẹ̀ kó tó ṣàn. Èékánná rẹ̀ kan ti ya. Kò dúró.

Yudith, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó láàárín àwọn àgùntàn ìyá rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo yíyan.

"O ń mí bí akọ màlúù tó ti darúgbó," ni Yudith wí.

"Dìde kó o gbé ọ̀kan."

"Èmi? Àgùntàn ni wọ́n ní kí n wá dà, wọn ò ní kí n wá da ìlú rú."

"Ṣebí ìwọ lo fún mi nímọ̀ràn yìí."

"Ìmọ̀ràn ni mo fún ẹ. Mi ò fún ẹ lápá." Yudith tu èèpo àgbàdo dànù. "Ṣá máa yára. Òkúta ò lẹ́nu, àmọ́ èèyàn tó bá gba ibí kọjá lẹ́nu."

Bàbá Eleuterio, olórí àwùjọ Tarucapata, ló rán Zenaida níṣẹ́. Àwọn màlúù ti fara gbún òkìtì òkúta ààlà tó wà nísàlẹ̀ ìsun omi, ó sì ti wó. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní òkìtì tí ó ń tún ṣe kí ọjọ́ ìrìn-ààlà tó pé. Ti ìdílé Zenaida nìyí, ọ̀la sì ni ìrìn náà. "Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni kó o tò ó sí," bàbá náà ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n Zenaida ń kó òkúta náà lọ sókè ìsun. Bí òkìtì bá ti wà lókè, ìsun ti bọ́ sọ́wọ́ Huaylluma, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe é fún. Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú ni Hermelinda ti ń tọ́ ọ, òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń nà án, òun náà ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Fidencio ará Huaylluma, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ọ̀nà náà kò jìn nígbà yẹn. Àmọ́ ìjà omi bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, wọ́n sì ti ọ̀nà pa. Wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni tó bá rékọjá ààlà, ìdílé rẹ̀ kò ní rí omi fi gbin nǹkan ní gbogbo ìgbà oko ọdún náà. Tarucapata wà lábẹ́ àgbègbè San Cleto, Huaylluma wà lábẹ́ Huaripunco. Ọjà wọn yàtọ̀, ilé ìwé wọn yàtọ̀, ọjọ́ ọdún wọn yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gba ọ̀nà òkè yìí kò ní ibòmíràn tí yóò ti pàdé èèyàn rẹ̀.

Hermelinda ti bímọ. Zenaida kò mọ ojú ọmọ náà. Èéfín orí òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, á dúró létí òkè, á wo ìsàlẹ̀ títí èéfín náà yóò fi yọ. Bí kò bá tètè yọ, kì í lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Bàbá Eleuterio ti ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní bí wọ́n bá rin ààlà tán, tí ìlú méjèèjì sì rí i pé gbogbo òkìtì pé sójú ibi tó wà, àwọn yóò jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn yóò pín omi, wọn yóò ṣí ọ̀nà. Ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, awọnlẹ̀ tí wọ́n ń retí láti olú ìlú ẹkùn kò sì wá. Zenaida kò gbà á gbọ́ mọ́. Ó rò pé bí Huaylluma bá ti ní omi, kí ni wọn yóò tún máa bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí?

Ó ku ẹlẹ́rìí. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni èédú àti àpáàdì tí àwọn baba ńlá rì sábẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan, nítorí èédú kì í jẹrà, kì í sì í hù. Zenaida gbìyànjú láti wú ti àtijọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti sọ ilẹ̀ di àpáta, ọkọ́ kò wọlé. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló lè rí, ó sì ti di èédú mélòó kan láti ààrò ìyá àgbà rẹ̀ sínú ìborùn rẹ̀, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tó fọ́. Ó rì wọ́n sókè ìsun, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó to òkúta lé wọn lórí, ó sì fi koríko bo ojú ibi tó ti kó wọn.

Lọ́jọ́ kejì, èrò ìlú méjèèjì rìn láti òkìtì dé òkìtì, àwọn ará Tarucapata lápá kan, àwọn ará Huaylluma lápá kejì. Awọnlẹ̀ ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá àgbà Saturnina, ìyá àgbà Zenaida, ló ṣíwájú. Àwọn obìnrin ru ọ̀dùnkún sísè àti wàràkàṣì fún oúnjẹ àjọjẹ. Láàárín àwọn ará ìsàlẹ̀, Zenaida rí Hermelinda. Ó ti rù. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ bò ó, orí nìkan ló yọ síta. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Hermelinda rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó bó yánnayànna, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

Wọ́n dé ìsun. Òkè rẹ̀ ni òkìtì wà.

"Ta ló gbé òkìtì yìí gòkè?" ni Bàbá Eleuterio bèèrè.

Wọ́n ṣí òkúta, wọ́n wa ilẹ̀. Èédú jáde, àpáàdì jáde. Ẹnìkan láti Huaylluma sọ pé, "Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ kẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló wà látilẹ̀."

Ìyá àgbà Saturnina gba èédú kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èédú igi yukalíptọ́sì nìyí," ló wí. "Nígbà tí wọ́n ń rì ẹlẹ́rìí, igi yìí ò tíì dé òkè wa. Igi òkè tiwa ni wọ́n ń sun. Ẹ lọ wa ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ọkùnrin méjì fi irin gún ilẹ̀ tó le náà títí ó fi là. Èédú àtijọ́ wà níbẹ̀.

Ni ọ̀rọ̀ bá di ariwo. Ọkùnrin Tarucapata kan na ọwọ́ sí Fidencio. "Oko ta ló sún mọ́ ibí jù? Àna wa, ojú àlá lo ti ń mu omi wa tẹ́lẹ̀. O wá sọ ọ́ di ojú ayé."

"Mi ò tẹ ilẹ̀ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti ti ọ̀nà," ni Fidencio dáhùn.

"Ṣé òkúta gun òkè fúnra rẹ̀ ni? Olè."

Àwọn ọkùnrin gbá ọ̀pá mú. Hermelinda fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì bọ́ síwájú ọkọ rẹ̀. Zenaida wo Yudith. Yudith ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà kò mójú kúrò lára rẹ̀.

"Èmi ni," ni Zenaida wí. Wọn kò gbọ́. Ó tún un sọ sókè. "Èmi ni mo gbé e. Fidencio ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí ọ̀nà."

Bàbá Eleuterio jókòó sórí òkúta. "Ọ̀sán yìí la fẹ́ ṣí i," ló wí. "Ọ̀sán yìí gan-an."

Olórí Huaylluma ṣe fìlà rẹ̀ dáadáa. "A ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jí omi fún wa," ló wí. "Wọ́n ti pe èèyàn wa lólè níwájú ìyàwó rẹ̀. Mi ò lè bá yín jẹun lónìí. Ó di ẹ̀yìn ìkórè tó ń bọ̀."

Awọnlẹ̀ di ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn obìnrin tún gbé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rù, oníkálukú sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ní Zenaida nìkan ni kó dá òkìtì náà padà, kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́.

Kó tó lọ, ìyá àgbà dúró tì í. "Mo mọ èédú ààrò mi. Mo ń dúró dè ẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà."

"Ká ní o ò sọ ọ́, èmi ni ǹ bá sọ ọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tìẹ ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Gbé òkúta."

Zenaida gbé òkúta. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Hermelinda ṣì dúró lódì kejì ààlà, òun nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tó tóbi ni kó o kọ́kọ́ fi sísàlẹ̀," ni Hermelinda wí. "O ò tíì mọ òkúta tò síbẹ̀."

"Ṣé inú ń bí yín sí mi?"

"Ó ń bí mi. Mo ti se oúnjẹ tí mo fẹ́ gbé wá fún ẹ lọ́la." Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e sókè. "Wò ó dáadáa. Ó ti ní eyín méjì. Èmi ló ń fi wọ́n gé jẹ."

Ọmọ náà la ojú, ó wo Zenaida, ó sì fi ìka sẹ́nu. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré ni. Kò sẹ́nì kankan lórí òkè tó lè rí wọn. Zenaida na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀, ó sì fà á padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé òkúta mìíràn.

Hermelinda rí i. Ó mi orí díẹ̀, ó pọn ọmọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ohun tí Zenaida fẹ́ kò burú. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi èrú wá ohun tí sùúrù ọjọ́ kan péré ì bá fún un, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó ti fẹ́ ṣí. Ẹni tó bá ń fẹ́ ohun rere, kó gba ọ̀nà rere dé ibẹ̀.

Ó fi òkúta tó kẹ́yìn sórí òkìtì, ó tì í wò, kò mì. Ó nu ọwọ́ sára yẹ̀rì rẹ̀, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì kọrí sí Tarucapata.