Ọmọbìnrin Etí Adágún Ọ̀dà

Òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí páànù ilé iṣẹ́ wa tó ń kun irin ní ìlú Chakan, ní ilẹ̀ Íńdíà, lọ́jọ́ tí Shrirang kọ́kọ́ rí Vaidehi. Ó dúró létí adágún ọ̀dà dúdú, òdòdó funfun nínú irun rẹ̀, ó ń bu ọ̀dà díẹ̀ sínú ife láti yẹ̀ ẹ́ wò. Shrirang, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa gbé irin kọ́ sórí ìkọ́, gbàgbé irin ọwọ́ rẹ̀.

"Irin là ń rì sínú ọ̀dà níbí, kì í ṣe ojú," Vaidehi sọ, láì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, màdáàmù. Ta ló ń kun inú kọ̀rọ̀ irin tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé?"

"Iná mànàmáná ni. Ó ń fa ọ̀dà inú omi sára irin. Ibi tó bá ti bò, iná ò ráyè kọjá níbẹ̀ mọ́, ló bá lọ wá ibi tó ṣì wà níhòòhò. Lẹ́yìn náà, a ó fi omi ṣàn án, a ó yan án nínú ààrò."

"Ẹ tún un sọ."

"O ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ohùn yín ló wù mí."

Bí tíì ìrọ̀lẹ́ ṣe di ti ẹni méjì nìyẹn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo irin bó ṣe ń rì wọ́ọ́rọ́, tó ń jáde tó ń dán, bí ohun tí èèyàn ń lá lálàá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá Vaidehi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó ní òun ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí agbérinkọ́ lè wá gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dàmú Vaidehi débi pé ó ṣi ìwọ̀n iná kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Iná pọ̀jù, ọ̀dà hó lára irin, gbogbo rẹ̀ rí ṣákiṣàki.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?" Ọ̀gá bú ramúramù.

Shrirang ti fura pé àṣìṣe Vaidehi ni. "Èmi ni, sà. Mi ò gbé wọn kọ́ dáadáa."

Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Vaidehi gbọ́, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ tọ ọ̀gá lọ, ó jẹ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí Shrirang padà sẹ́nu iṣẹ́. Vaidehi sunkún ròyìn fún bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá dé fìlà funfun rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yàrá Shrirang.

"Kí ló dé tó o fi purọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé e, Bàbá."

"Mi ò fẹ́ràn òpùrọ́." Shrirang dorí kodò. "Àmọ́ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ, mi ò rí ẹni tó jẹ ẹgba fún ẹlòmíì rí. Mú ìyá rẹ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìyá Shrirang gbé ìdì ṣúgà lé Vaidehi lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa tí a bá ń tọrọ ìyàwó. Vaidehi tú u, ó fi ìka bu díẹ̀ sí Shrirang lẹ́nu.

Bàbá yíjú sí fèrèsé, bí ẹni pé òun ò rí wọn.