Ìdérí Mẹ́jọ Tó Jó Ewé Ọsàn Mi

Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi ìyá àgbà yìí mì nítorí ọsàn. Kì í ṣe ọsàn tèmi o! Ti ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni.

Ọgbà kan náà ni wọ́n pín fún àwa méjèèjì, wáyà ló là á láàárín. Ọsàn tirẹ̀ ń dán bí orí apárí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Tèmi rí tóótòòtó dúdú, ó sì ń já bọ́ kó tó pọ́n. Ogún igi ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n kó tó kú. Bí wọ́n bá kú pẹ̀lú, kí ló tún kù tó fi sílẹ̀ fún mi?

Ṣé mo wá lọ bèèrè? Èmi kẹ̀! Mo ba sẹ́yìn igi, mo ń yọjú wò ó bó ṣe ń po oògùn tí ń pa èbu ara ọsàn. Ẹ̀kún ìdérí ike oògùn náà méjì ló wọ̀n sínú páńpù ìfínoògùn.

"Méjì péré?" mo sọ nínú ara mi. "Mẹ́jọ lèmi á fi. Wàá rí ọsàn!"

Oòrùn ń mú ganrínganrín nígbà tí mo fín in, n kò bo imú, n kò bọ ìbọ̀wọ́. Mo họra fún ọjọ́ méjì bí ewúrẹ́ tó fara ha ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ewé ti gbẹ, ó ń já wọ̀ọ̀.

Mo figbe ta. Ìyàwó yìí fo wáyà wá, ó sì sáré lọ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó máa ń wá wo oko wa.

"Màmá, ìdérí mélòó lẹ fi sí i?" òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ náà bi mí.

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ! Ta ló ní kẹ́ ẹ fi mẹ́jọ?"

"Ìlara ni."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyáálé mi, kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Kí n pè ọ́, kó o wá máa yan fún mi?"

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ fi èékánná ha èèpo igi. Abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. "Wọ́n á yè," ó ní. Mo jókòó sílẹ̀ gbì.

Ló bá nawọ́ sí àwọn ẹ̀ka gbígbẹ àti òkìtì èso jíjẹrà lábẹ́ igi. "Ibí ni èbu ń gbé. Òjò àti atẹ́gùn ló ń gbé e dé ara èso, títí kan ti ìyàwó yín."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyàwó mi. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì gé ẹ̀ka gbígbẹ, a kó èso jíjẹrà, a sun ún.

Ẹ̀yin tó ní ọsàn, ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú, ẹ má fi èso jíjẹrà sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ fín oògùn nígbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ tán, tí èso kéékèèké ń yọ. Oògùn ń ṣọ́ èso ni, kò lè pa àmì tó ti wà rẹ́. Òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́ ni kí ẹ fín in. Ẹ bo imú, ẹ bọ ìbọ̀wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dúró pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó ká ọsàn. Ẹni tí kò lè kàwé, kó ní kí wọ́n kà á fún òun.

Bí ti aládùúgbò yín bá sì dára ju tiyín lọ, ẹ bínú díẹ̀, n kò ní bá yín wí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ bèèrè.