Ojú Akunlé Ti Funfun

Ọjọ́ tí akunlé kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti wá kun ògiri, onídìrí kò wo ògiri rárá. Ojú ọkùnrin náà ló ń wò. Ẹyin ojú méjèèjì pọ́n bí èèpo ọsàn.

"Ṣé ọ̀dà lẹ máa ń mu ni?"

"Ó sàn kí n máa mu ún. Kò korò tó ọ̀rọ̀ ẹnu yín."

Onídìrí pòṣé, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọlé lọ́jọ́ yẹn, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Kí iṣẹ́ tó parí, akunlé ti ń họra bí ẹni tí ìjàlọ bò. Onídìrí wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Jẹjẹrẹ hù sí i nínú, ó sì fún ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà pa. Òróòro ò rọ́nà lọ, ló bá ń ya sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló pọ́n ọn lójú, tó sì ń yún un lára.

"A ò lè wo jẹjẹrẹ náà sàn," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n a lè ti okùn tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ká fi túùbù kékeré kan la ọ̀nà yẹn. Ara ò ní yún un mọ́, á sì lè jẹun."

Ẹ̀gbọ́n akunlé obìnrin, tó fi lọ́fínńdà dí gbogbo wọ́ọ̀dù nímú, yínmú.

"Tí kò bá ti wò ó sàn, kí la fẹ́ fi ṣe? Ìwọ onídìrí, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Irun ni kó o gbájú mọ́."

"Irun tó wà lórí yín yẹn, mà, ó yẹ kẹ́nì kan gbájú mọ́ ọn lóòótọ́."

Àwọn ẹbí yòókù dúró jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé jẹjẹrẹ ń fò. Onídìrí wò wọ́n látòkè délẹ̀. Èèpo ẹ̀pà sàn jù wọ́n lọ lójú rẹ̀.

"Ẹ fi túùbù náà sí i," ni akunlé wí. "Mo fẹ́ sùn."

Wọ́n fi sí i. Kò pẹ́, ara yíyún lọ, ojú funfun. Ni ẹbí bá kún ilé akunlé, níbi tí onídìrí ti ń tọ́jú rẹ̀, fọ́fọ́.

"Àrùn ti lọ!" ni ẹ̀gbọ́n pariwo. "Onídìrí, o ṣeun tó o bá wa tọ́jú ẹ̀. A ti rí ọmọ olùkọ́ kan tó máa fẹ́. Máa kó ẹrù ẹ."

Akunlé ń wolẹ̀. Gbogbo ẹbí ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọn ò fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ wò ó rí láyé rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹ̀gàn tí onídìrí ní fún ẹbí náà wá kan olólùfẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

"Sọ̀rọ̀, ojo! Àbí inú ọ̀nà ọ̀fun ẹ ni wọ́n gbàgbé túùbù náà sí?"

Akunlé gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ara mi ò yá. Ọ̀nà ni wọ́n là fún òróòro. Jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní pẹ́ láyé, onídìrí ni mo sì fẹ́ bá lo ìyókù."

Ẹ̀gbọ́n fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọmọ olùkọ́ ńkọ́, mà?" ni onídìrí bi í. "Ẹ lọ mú un wá."

"Ọmọ olùkọ́ kì í fẹ́ òkú." Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bá ara yín lọ."

"A dúpẹ́, mà. Ìwúre gidi nìyẹn."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ẹbí kan ò yọjú. Oníbàárà méjì ló ṣe ẹlẹ́rìí, irun ọ̀kan ò tíì parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ.

"Olólùfẹ́ mi," ni akunlé wí, "ọjọ́ tí mo ní fún ọ ò pọ̀."

"Àwọn tí ọjọ́ tiwọn pọ̀ dà? Wọ́n ti sá lọ ilé wọn. Jẹun, ọkọ mi."