Orin Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀ṣẹ́ kejì ti ba imú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, kí obìnrin alápatà kan tó sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gbá ọmọ tirẹ̀ lẹ́wù mú, tó sì wọ́ ọ wọlé bí ẹni wọ́ àgbò.

"Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ó ní fayolíìnì mi ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, Màámi."

"Kó tiẹ̀ jẹ́ ológbò ńkọ́? Ṣé o fẹ́ torí ológbò pààyàn ni?" Ó di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú, ó na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìka wọ̀nyí lo fi ń tẹ okùn fayolíìnì. Ọwọ́ kan náà lo tún fi ń jà! Lọ́jọ́ tó o bá ṣẹ́ ẹ, kí la fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?"

Òòlù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, nítorí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá gbé fayolíìnì léjìká, àwọn tó ti nà rí gan-an á dúró gbọ́ ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ orin kan fẹ́ mú ọmọ kan ṣoṣo tí wọn yóò kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ìdánwò wọn ni pé olúkúlùkù á gbé orin tí ẹgbẹ́ eléré ńlá ti gbà sílẹ̀ wá, wọ́n á tan án nínú gbọ̀ngàn, òun á sì máa ta tirẹ̀ lé e lórí.

Ìyá rẹ̀ fún un lówó orin náà. "Èyí tó dáa ni kó o rà o. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

Oríṣi méjì ni orin tí Òòlù yàn, orin òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní kilásíkà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan jẹ́ fáìlì ńlá tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn rẹ̀, owó gọbọi ni. Èkejì kéré, wọ́n ti fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Wọ́n gbà kéèyàn tọ́ méjèèjì wò kó tó rà.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni Òòlù ti tọ́ wọn wò, níbi tó ti ń ti itan màlúù sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń rẹ́ egungun. Ẹnudùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ki íyàpíìsì kan bọ̀ ọ́ létí, ó ki èkejì bọ etí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ń bú ramúramù.

"Ṣé o gbọ́ ìyàtọ̀ kankan?" Ẹnudùn pariwo.

"N ò gbọ́!"

"Ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́! Ra kékeré, jàre. Ká fi owó tó kù ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjà ẹ̀ṣẹ́ Sátidé."

Ẹ gbà mí o! Ta ní í yẹ orin wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń rẹ́ egungun? Ọmọ alápatà ni. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ti mọ́ ọn lára débi pé kò tiẹ̀ mọ̀ pé ariwo ni mọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń fi fáìlì kékeré dánra wò. Nígbà tó di Sátidé, iwájú ni wọ́n jókòó sí, ojú wọn ni eyín abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan ṣe fò jáde tòun tẹ̀jẹ̀. Òòlù ń pariwo, ọwọ́ ń yún un.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ibẹ̀ ga ju Òòlù fúnra rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn eléré yòókù máa ń dákẹ́, tí kìkì ohùn ìsàlẹ̀ á máa rọra kùn, ìyẹn ló yẹ kó fi mọ ìgbà tí òun á tún wọlé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú fóònù ló máa ń wò tó fi ń mọ̀ ọ́n. Fóònù ti wà lọ́wọ́ àwọn adánniwò báyìí, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ inú fáìlì kékeré náà sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n kàn ń ta ṣàà bí òróró gbígbóná. Òòlù ṣi wọlé. Ó dúró. Ó tún ṣi wọlé.

Obìnrin adánniwò kan tó wọ gíláàsì gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó. Jáde ná."

Ẹnudùn ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. "Mo gbọ́ ọ níta níbí. Fáìlì yẹn mà burú o! Àbí etí ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Òòlù gbé fayolíìnì sílẹ̀, ó sì fi òsì gbá a lẹ́nu. Ètè Ẹnudùn là. Ó tún gbá a níkùn, Ẹnudùn ká kò, Òòlù fi orúnkún gbá a lẹ́nu, eyín iwájú já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri funfun.

"Jọ̀ọ́, Òòlù! Ìwọ lo rà á!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló wá da epo sí iná. Òòlù ju ẹ̀ṣẹ́ òsì mìíràn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹnudùn yẹrí. Ẹ̀ṣẹ́ ba irin ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ìka sì kán pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, bí egungun ṣe ń dún lẹ́nu ẹ̀rọ ìyá rẹ̀. Ó ké tòò, ó wó lulẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà ṣí. Obìnrin onígíláàsì yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, orin tó o gbé wá ni ò dáa, ìwọ dáa. A ti bá ọ wá èyí tó dáa. Wọlé, kó o tún un—" Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó rí àwọn ìka tó ti wọ́. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ mìíràn ni wọ́n mú. Ẹnudùn kò sì yà sọ́dọ̀ Òòlù mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alápatà pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó tan orin náà. Fáìlì ńlá ló rà. Ohùn ìsàlẹ̀ ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kedere. Nígbà tó kan Òòlù láti wọlé, ó gbé ọwọ́ òsì sókè nínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi dì í. Ìka ò mira. Ó bú sẹ́kún.

"Màámi, ẹ pa á."

"Jẹ́ kó parí," ìyá rẹ̀ ní, omi ń bọ́ lójú òun náà. "Orin tí ò dáa, a ti ra òmíràn. Níbo ni wọ́n ti ń ta ìka?"

Ẹ̀yin ọmọ, ìbínú ò da nǹkan kan fún ni. Ẹni tó ra ọjà pọ́ọ́kú ṣì lè padà lọ ra gidi, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìjà tẹ̀lé àṣìṣe rẹ̀ ń ba ọwọ́ tí ì bá fi tún un ṣe jẹ́. Ara ilẹ̀kùn tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣí fún Òòlù ló ti ṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.