Ìtàn Ikú Eyðun Tí A Kò Gbọ́ Tán

“Bàbá, fóònù ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo èmi,” Sunnvá wí, ó sì fi ìwé méjì gbé fóònù náà sókè díẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná.

“Ṣé fóònù ló bi mí ní ìbéèrè ni?” Bàbá Tummas fèsì. “Ẹni tó bi mí ni mo máa dá lóhùn.”

Sunnvá rẹ́rìn-ín. Òjò ń lu fèrèsé, bí ó ti máa ń lù ú ní erékùṣù Fàróò wa níbí, kọfí sì ń rú èéfín láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sunnvá. Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ yìí ló dàgbà sí, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la ẹja ni ìyá rẹ̀ máa ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tíṣà Marjun, tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀, ló fún wọn níṣẹ́. Kí oníkálukú gba ìtàn kan lẹ́nu àgbàlagbà, kí ó sọ ọ́ di fíìmù tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ibùdó ìtàn hàn níbẹ̀, kí àwọn ẹ̀dá ìtàn hàn, kí àhunpọ̀ rẹ̀ dán mọ́rán, kí ìforígbárí wà. Àwòrán, ohùn àti orin ni kí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Èyí tó bá dára jù ni wọn yóò fi han gbogbo abúlé ní gbọ̀ngàn.

“Ju gbogbo rẹ̀ lọ,” Tíṣà ti wí, “ẹ má gbàgbé àyíká ìtàn. Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi jáde? Ẹ má gbé ẹja kúrò nínú omi kí ẹ tún máa retí pé kó lúwẹ̀ẹ́.”

Ìtàn ikú Eyðun, àbúrò Bàbá Tummas, ni Sunnvá béèrè. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Eyðun kú lójú òkun, Tummas fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́ tirẹ̀, ìjì dé, okùn já. Billa, ìyàwó Eyðun, kò fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Òdìkejì ọ̀nà ni ilé rẹ̀ wà. Kò sí ọ̀sán kan tí kì í wá mu kọfí ní ilé ìdáná yìí kan náà.

“Okùn náà kò já,” Bàbá Tummas wí.

Sunnvá gbé ojú sókè.

“Ọkọ̀ Eyðun kún fún omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa tèmi lọ sísàlẹ̀. Ó pariwo sí mi pé, ‘Gé e, Tummas.’ Mo ní n kò gé e. Ó bú mi. Ó ní, ‘Òmùgọ̀, bí àwa méjèèjì bá kú, ta ni yóò máa wo Billa? Ṣé ọmọ méjì lo fẹ́ kí ìyá wa sunkún sí?’ Ìgbà yẹn ni mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn náà.”

Sunnvá sún mọ́ ọn.

“Ẹ kò tíì sọ fún Màmá Billa?”

“Ẹnu mi kò gbà á. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí mo bá ti ní kí n sọ ọ́, á gbé ife kọfí sẹ́nu, á wò mí, ọ̀rọ̀ á sì pa dà sí ọ̀fun.” Ó nu ojú rẹ̀. “Bí wọ́n bá mú tìrẹ, màá jókòó tì í ní gbọ̀ngàn. Ohun tí n kò lè wí lójú rẹ̀, kí fíìmù rẹ bá mi wí i. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni o, Sunnvá. Má fo ọ̀rọ̀ Eyðun.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó tẹ̀ lé e burú.

Nígbà tí òun àti Durita, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́, ìtàn náà gùn ju bí Tíṣà ṣe fẹ́ lọ. Durita wò ó tán, ó yọ ṣùtì.

“Èèyàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gé okùn, o bá a gé e. Níbo ni ìforígbárí wà níbẹ̀? Ìgbọràn nìyẹn.”

“Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.”

“Ta ló bi ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀? Yọ gbogbo ‘gé e, gé e’ yẹn kúrò. Kí òkun máa ru, kí orin dákẹ́, kí bàbá ní, ‘Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn náà.’ Kí ojú fíìmù ṣú. Wọn ò ní lè mí.”

“Bàbá ní gbogbo rẹ̀ ni.”

“Bàbá ló máa fún ọ ní máàkì? Ó dáa, jẹ́ kí Hallur inú kíláàsì wa borí rẹ. Fíìmù àgùntàn tó jìn sí kòtò ni tiẹ̀.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Sunnvá lè lọ bá Tíṣà kí ó fún un láyè sí i. Ó lè yọ àwòrán ìgbì òkun tó fi kún un, kí ó fi ọ̀rọ̀ Eyðun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán náà rẹwà, ó sì wù ú kí tirẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́. Ó yọ Eyðun kúrò.

Tíṣà Marjun wò ó, omi lé sí i lójú. Kò béèrè ohun tó ṣáájú gbólóhùn ìkẹyìn náà. Fíìmù Sunnvá ni wọ́n mú.

“Ṣé ó pé?” Bàbá Tummas bi í.

“Ó pé, Bàbá,” ó dáhùn, ó sì lọ fọ abọ́.

Ní ọjọ́ àfihàn, Bàbá Tummas wọ ẹ̀wù onírun rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì fàdákà, èyí tí kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ìgbéyàwó. Billa ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Tummas, ta lo fẹ́ lọ tọrọ ní ọjọ́ ogbó yìí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jókòó tì í ní gbọ̀ngàn. Wọ́n pa iná. Òkun ru lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, ọkọ̀ méjì ń já lọ já bọ̀, orin lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá jáde: “Okùn náà kò já.” Òkun tún ru. “Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn náà.”

Ojú fíìmù ṣú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà kò pàtẹ́wọ́.

Billa yíjú sí Tummas. “Okùn já lo sọ fún mi.”

“Fara balẹ̀, Billa. Ó kù.” Bàbá Tummas kò gbé ojú kúrò lára aṣọ funfun náà. Wọ́n tan iná, síbẹ̀ ó ń wò ó. “Ó kù. Eyðun kò tíì sọ̀rọ̀.” Nígbà tó pẹ́, ó wá Sunnvá kiri láàárín èrò. “Sunnvá, ó kù, àbí?”

Sunnvá tẹ orí ba. Billa mú kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Ní ọjọ́ kejì, Sunnvá mú fóònù lọ kan ilẹ̀kùn Billa. Ó tan ohùn Bàbá tó gbà sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Billa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ tán, kò ní kí ó wọlé.

“Fún ogójì ọdún, okùn ló já,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Lánàá, ó gé e. Lónìí, ọkọ mi ló ní kó gé e. Lọ́la ńkọ́? Ṣé Eyðun ló máa yá a lọ́bẹ ni?”

“Màmá, ọjọ́ kan náà ni Bàbá sọ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́.”

“Kí ló dé tí o fi yọ òtítọ́, tí o fi irọ́ sílẹ̀?”

“Nítorí máàkì ni.”

“Ọmọ dáadáa ni ọ́,” Billa wí. “O fẹ́ gba bàbá rẹ àgbà sílẹ̀. Máa lọ sílé.”

Tíṣà Marjun náà lọ bẹ̀ ẹ́, kò ṣí ilẹ̀kùn. Abúlé pín sí méjì. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní ẹni tó lè purọ́ ogójì ọdún lè purọ́ ọjọ́ kan sí i. Àgbọ́ìgbọ́tán ní í dá ìjà sílẹ̀, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí a ti ń parí rẹ̀. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí Billa bí fún Eyðun wá mú un lọ sí Tórshavn, olú ìlú wa. Kò dágbére.

Sunnvá bẹ bàbá rẹ̀ àgbà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá kò bínú. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní agbára rẹ̀, ọmọ mi. Mo ti lò ó.” Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó sọ ìtàn, á ní òun kò rántí.

Nígbà tó di ìdánwò àfẹnusọ, àjèjì kan wá láti ìlú láti yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti wo fíìmù náà.

“Ìforígbárí rẹ̀ lágbára púpọ̀,” ó wí. “Kí ni ìwọ rò pé àyíká ìtàn jẹ́?”

“Ohun tí a bá yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀, tí ẹni tó sọ ọ́ fi lè kú láàyè ni, sà,” Sunnvá dáhùn.

Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Máàkì tó ga jù lọ ni Sunnvá gbà. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ àgbà kọjú sí ògiri lórí ibùsùn, kò béèrè bí ìdánwò ti lọ. Sunnvá náà kò sọ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, ẹyin lohùn. Gbólóhùn tí ẹ bá yọ kúrò kí iṣẹ́ yín lè dùn lè jẹ́ èyí tí ẹni náà fi ń mí. Ẹ lè dá a pa dà sínú fíìmù. Ẹ kò lè dá a pa dà sí ọkàn ẹni tó ti gbọ́.