Orógbó Mẹ́tàdínlẹ́gbẹ̀rún

Ẹ̀bá odò Ògùn ni Adépéjú ti kọ́kọ́ rí Olújìmí tó ń to bíríkì sójú oòrùn, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tó ń kà á sókè. Omi wà lórí ọmọbìnrin náà, ilé ń retí rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró, kò sì mọ ìdí.

Ó ní, "Ẹ ti fo ọ̀kan."

Olújìmí gbójú sókè, gbogbo kíkà rẹ̀ sì pòórá. "Ìwọ lo mú mi fò ó."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn nìyẹn. Nígbà tó yá, Olújìmí, ọmọ Sàró, àwọn tó ti oko ẹrú padà bọ̀, tí kò mọ ilé baba rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ru ẹgbẹ̀rún orógbó ìdána wá sílé wọn ní Ìtokò. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá Adépéjú tó tọ́ ọ dàgbà, kò fẹ́ àna tí kò ní ìdílé. Ó ṣa mẹ́ta tí kòkòrò ti jẹ dànù lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ìyókù wọlé. Òfin ilé náà sì le: orógbó tó bá ti wọlé, a kì í fi kún un, a kì í yọ níbẹ̀, a ó pín in dọ́gba láìṣẹ́kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàwó. Orógbó kò sì ní awẹ́ bí obì.

Wọ́n pín in sí méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Wọ́n pín in fún ojúlé mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ojúlé méje, mẹ́ta ṣẹ́kù. Wọ́n tún un kà, kò dín, kò lé. Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ àwọn àgbà lójú. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ ní orógbó fúnra rẹ̀ ló kọ ọkọ.

Adépéjú kò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí. Olújìmí lọ to bíríkì tó jẹ́ iye kan náà, ó ń tò ó ní ìlà ọgbọọgba, ó ń fi kún iye tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Mi ò ní tàn ọ́," ó wí. "Bí ìlà bá tún gùn jù bẹ́ẹ̀, iye ìlà náà á kéré, mo sì ti dán àwọn kékeré wò. Kò ṣeé pín."

Adépéjú sunkún títí. Ó wá nu ojú rẹ̀. "Bí a bá pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Fún ta ni?"

"Fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n bi Bàbá Olúṣẹ̀yẹ bóyá òfin ní ará ilé nìkan ni kó jẹ ẹ́. Ó ronú títí, kò rí ibi tí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá gbé agbọ̀n, láti Ìtokò dé Kémta, dé Ìtòkú, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bi wọ́n pé ọmọ ta ni ọkùnrin yìí, Adépéjú a sì dáhùn pé ọkọ òun ni.

Àwọn tó jẹ ẹ́ ń ya wá kí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ. "Ẹ kú ìnáwó, bàbá ìyàwó." Bàbá ń dáhùn, kò sì mọ ìgbà tí òun náwó.

Nígbà tí wọ́n padà, mẹ́ta ló kù. Olújìmí mú ọ̀kan, Adépéjú mú ọ̀kan. Adépéjú kúnlẹ̀, ó na ìkẹta sí bàbá. Bí bàbá kò bá gbà á, ọ̀kan ti ṣẹ́kù nìyẹn, ìfẹ́ wọn sì ti parí.

Bàbá wo Olújìmí títí. Ó mú orógbó náà, ó gé e jẹ, ó fajú ro.

"Kò ṣẹ́kù," ó wí. "Adépéjú, mú ọkọ rẹ wọlé."