Ọmọ Igi Tó Dúró Nínú Báàsì

Nígbà náà, bàbá ṣì wà láyé. Abo ajá ilé kejì tó máa ń gbé bàtà oníbàtà sá lọ ṣì wà láyé. Ìyá nìkan ló ti lọ, ilé sì dákẹ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, bàbá á ti yàrá béèrè pé kí ló já.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin ọ̀hún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ogójì ọdún ni bàbá rẹ̀ fi ta báàsì, ohun èlò orin onígi gìrìwò olókùn mẹ́rin tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n máa ń dúró tì bí ẹni dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá ló gbé e tì sí igun pálọ̀. Kò ta á mọ́. Bó bá ń kọjá lọ sùn, á kàn fi ìka kan ta okùn tó nípọn jù: dùùm. Bí ẹni ń kí ìyàwó rẹ̀ pé ó dàárọ̀.

Ni lẹ́tà kan bá dé láti yunifásítì. Wọ́n ń pe gbogbo àwọn tó ń ta báàsì, àtàgbà àtọmọdé, fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, atúnbáàsìṣe á sì wà níbẹ̀. Bàbá kà á, ó sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yọ lẹ́tà náà jáde. Ó rò ó pé bí òun bá tún báàsì ṣe, bóyá bàbá á tún ta á, bóyá ilé á tún ní ohùn.

Eruku ti bo báàsì. Ó tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kó lè nù ún dáadáa, bó ṣe máa ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí okùn kẹrin ṣe tú báyìí, nǹkan kan já bọ́ nínú ikùn báàsì: kọ̀! Àyà òun náà já.

Ó tì í lórí táyà kékeré gba ojú títì lọ, gbogbo ìṣísẹ̀ ń dún kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀. Nínú gbọ̀ngàn yunifásítì, báàsì méjìdínlọ́gbọ̀n ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bíi màlúù tó yó. Àwọn tó ni wọ́n mọ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé báàsì dìde tí gbogbo wọn fa okùn tó nípọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀. Òun nìkan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin náà. Ó wà nídìí fèrèsé, ó dijú, ó gbé etí lé ẹ̀yìn báàsì kan bí ìyá tó ń gbọ́ mímí ọmọ tó ń sùn. Òun ni atúnbáàsìṣe náà, Afetísígi ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Ó lajú. "Ẹ káàbọ̀. Háà! Ta ló bọ́ aláìṣẹ̀ yìí síhòòhò?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ nù ún ni."

"Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Bàbá mi ló ni ín, kò mọ̀ pé mo gbé e jáde."

Kò bú u. Ó ní ọmọ igi kan wà nínú báàsì. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́, wọn kì í kàn án níṣòó. Okùn tó ń fà lókè ló ń tẹ̀ ẹ́ dúró, òun náà ló sì ń gbé ohùn. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú u. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tú pọ̀, igi á ṣubú.

"Kí ni wọ́n ń pe igi ọ̀hún?"

"Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ń pè é ní ẹ̀mí."

"Yé! Mo ti pa báàsì bàbá mi."

"Kò kú. Ó dákú ni. Ẹ bá mi di iná mú."

Ó ki irin wíwọ́ bọ ihò àyà báàsì. Aránṣọ fi ojú tó ti fi ọdún gbọọrọ wá ojú abẹ́rẹ́ wo inú òkùnkùn náà.

"Ẹ sún un sọ́tùn-ún. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ dá a padà ní ìwọ̀n ojú abẹ́rẹ́ kan."

"Ojú abẹ́rẹ́ kan! Ojú yín mú o, ìyá aránṣọ."

"Ìyá ta ni? Ta ni mo bí?"

"Ẹ má bínú, Ojú-Abẹ́rẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rín ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Nígbà tí igi fi dúró tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì padà sípò, gbọ̀ngàn ti ṣófo. Wọ́n pín búrẹ́dì ọkùnrin náà jẹ. Ìlú tó jìn ní wákàtí mẹ́ta ló ti wá, ó ń gbé níbẹ̀ nínú yàrá kan tí igi gba gbogbo àga rẹ̀, tó fi jẹ́ pé orí ìdúró ló ti ń jẹun.

"Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bá mi di iná mú," ló wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Bàbá dé. Ó ń kọjá lọ sùn, ó fi ìka ta okùn. Ó dúró.

"Ta ló wọ inú báàsì mi?"

Ọmọ jẹ́wọ́. Bàbá ní kó pe onítọ̀hún wá. Ọkùnrin náà dé.

"Ìwọ lo sún ẹ̀mí báàsì mi nípò?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú."

"Ó dára ju bí mo ṣe fi sí lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Afetísígi ń wá wo báàsì tí kò ní àrùn kankan. Ní oṣù kẹfà, ó ní òun fẹ́ fẹ́ Ojú-Abẹ́rẹ́. Bàbá ní: "Bó o bá mú un lọ, ta ló kù nínú ilé yìí tó máa gbọ́ bí mo bá ṣubú?"

Ọmọ sin ọkùnrin náà dé ibùdókọ̀. "Olólùfẹ́, wá ẹlòmíì fẹ́. Mi ò lè fi bàbá sílẹ̀."

"Mi ò ní fà ọ́ já. Ṣùgbọ́n Sátidé mi, mi ò lè fi sílẹ̀."

Odindi ọdún méjì ló fi ń wá bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mu tíì, ọ̀rọ̀ ò ní pọ̀, ọkọ̀ á gbé e lọ, aránṣọ á padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ gùn nínú ilé tó dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbọ́ ọ láti pálọ̀: kọ̀! Ó sáré débẹ̀. Bàbá jókòó, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí itan rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ tú gbogbo rẹ̀?"

"Mo gbàgbé ni."

Ẹni tó ta báàsì fún ogójì ọdún ló gbàgbé! Ọmọ wò ó, bàbá ń wo fèrèsé.

"Lọ pè é. Sọ fún un pé ẹ̀mí ti ṣubú, kó kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Gbogbo rẹ̀ o. Yàrá ẹ̀yìn tí ìyá rẹ máa ń kó ẹrù sí ti ṣófo. Èèyàn lè máa gbẹ́gi níbẹ̀, kó sì máa jókòó jẹun."

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó tẹ̀ lé e, níwájú akọ̀wé ìjọba kan. Bàbá fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n ṣe délé, ó gbé báàsì dìde, ó ta á fún wọn. Kò pé rárá, ọwọ́ ti gbàgbé. Àmọ́ ó ta á.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kú kí omi tíì tó hó. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tán, ọkọ na ọwọ́ sí báàsì láti dẹ okùn rẹ̀, kí ó lè sinmi.

"Má tú u," ni Ojú-Abẹ́rẹ́ wí.

Ó rìn kọjá níbi igun náà bí bàbá ṣe máa ń rìn, ó fi ìka kan ta okùn tó nípọn jù. Dùùm. Àwọn méjèèjì dúró títí ohùn náà fi tán.